Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Òógùn Asáré Bobiel?

Ẹni tó bá fẹ́ sáré ní àdúgbò Bobiel, ní ìlú Niamey, lórílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, kò gbọdọ̀ fẹ́ràn oorun àárọ̀. Ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ooru ìlú náà máa ń kọjá ìwọ̀n 40 Celsius lọ́sàn-án, oòrùn kì í sì í dúró de ẹni tó ṣì ń wá bàtà. Ìgbà tí ladánì bá pe ìrun Àsùbáà tán, tí iyanrìn ojú ọ̀nà ṣì tutù díẹ̀, ni àsìkò asáré. Iyanrìn yẹn gan-an ni olùkọ́ àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ á rì, èèyàn á fà á yọ, á tún rì, títí ojúgun yóò fi máa ta ẹni bí iná. Asáré tó bá ti fi oṣù kan sá lórí rẹ̀ kì í bẹ̀rù títì ọlọ́dà mọ́.

Ká ní ogún èèyàn ní àdúgbò yìí, tíṣà, télọ̀, ìyá oníṣòwò, ọmọ yunifásítì, bá pinnu pé àwọn fẹ́ gbára dì fún màrátọ́ọ̀nù láti fi wá owó fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ńkọ́? Wọn ò ní ṣàìrí ẹni tí yóò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan á béèrè pé nílùú tí owó ọkọ̀ dé ọsibítù ti ń wọ́n àwọn èèyàn, kí ni ìwádìí ń wá níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, a ó sì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ tó la ọ̀nà yìí.

Ẹsẹ̀ kan péré ni. Terry Fox lorúkọ ẹni tó ni ín, ọmọ Kánádà. Ní 1977, lọ́mọ ọdún 18, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Ohun tí wọ́n sọ fún un ní ọsibítù kò kúrò lọ́kàn rẹ̀: nínú àwọn tó ní irú àrùn tirẹ̀, ìdajì ló ń yè é, bẹ́ẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú, 15 péré nínú 100 ló ń yè. Ìwádìí ló mú ìyàtọ̀ yẹn wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1980, ó ti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ bọ omi òkun ní St. John's, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, bíi màrátọ́ọ̀nù kan lójúmọ́. Ọjọ́ 143 ló fi sá a, kìlómítà 5,373, kí àrùn náà tó yọjú nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tó sì fi dúró lẹ́bàá Thunder Bay. Ó kú ní oṣù kẹfà 1981, kò tíì pé ọdún 23. Dọ́là kan lọ́wọ́ ọmọ Kánádà kọ̀ọ̀kan ló ní òun ń wá. Kó tó kú, owó náà ti lé ní mílíọ̀nù 24, iye èèyàn tó wà ní orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn.

Ìyẹn sá tirẹ̀ lóun nìkan. Ẹni tó sọ ọ́ di ti ẹgbẹ́ ni Bruce Cleland, ará New York kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ní 1988, ó kó èèyàn 38 jọ, wọ́n jọ gbára dì, wọ́n sá màrátọ́ọ̀nù New York, wọ́n sì gbé 322,000 dọ́là lọ fún àjọ tó ń gbógun ti àrùn náà. Inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Team In Training ti jáde. Ní ìlú kan náà, Fred Lebow, ọ̀kan lára àwọn tó dá màrátọ́ọ̀nù New York sílẹ̀, ti ń ṣètò eré fún ẹlòmíì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí jẹjẹrẹ tó dé inú ọpọlọ tirẹ̀. Ní 1992, ó wọ bàtà, ó sá eré tó dá sílẹ̀ yẹn. Grete Waitz, ọmọ Norway tó ti gba ipò kìíní níbẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án, bá a sá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀, lórí ọ̀nà tí Grete ì bá fi bíi wákàtí méjì ààbọ̀ parí. Lebow kú ní 1994. Jẹjẹrẹ ló pa Grete náà ní 2011.

Bí owó ṣe ń jáde nínú eré kò le. Asáré á mú ìwé, á lọ bá ọ̀rẹ́, ẹbí, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, á ní: bí mo bá sá eré yìí parí, èló lẹ ó dá? Wọ́n á kọ orúkọ àti iye sílẹ̀. Ní London, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú máa ń ní kí ẹni tó bá gba ààyè lọ́wọ́ wọn mú bíi 2,000 pọ́n-ùn wá. Irú owó yẹn kò sí ní Bobiel, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù ba ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní Bobiel tí London kò ní tó bẹ́ẹ̀: àjọ, tí àwọn Haúsá ń pè ní àdáṣì. Àwọn obìnrin tó ń kó owó jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ, bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe bí ẹni pé òun ò rí wọn, àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Asáré kọ̀ọ̀kan tó bá rí àádọ́ta èèyàn dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ti mú 25,000 sẹ́fà wá. Ogún asáré, ìdajì mílíọ̀nù. Akápò ẹgbẹ́ asáré kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlòmíì ju ìyá alájọ lọ.

Ní Nàìjíríà tiwa náà, a ti ń sáré, a sì ti ń rìn. Ẹgbẹ́ Medicaid Cancer Foundation tí Dókítà Zainab Shinkafi-Bagudu dá sílẹ̀ ti sọ ìrìn tí wọ́n ń pè ní Walk Away Cancer di ohun ọdọọdún ní Àbújá. Láti 2016 ni Èkó sì ti ní màrátọ́ọ̀nù tirẹ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń sá gba orí Third Mainland Bridge kọjá. Ohun tó ń ṣe wá ni pé a fẹ́ràn aṣọ ju ìwé ìṣirò lọ. Oṣù kẹwàá, oṣù ìlanilọ́yẹ̀ jẹjẹrẹ ọyàn, á dé, ẹ̀wù aláwọ̀ píńkì á kún títì, ọ̀gá kan á sọ̀rọ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ọjọ́ kejì á mọ́. Ìlanilọ́yẹ̀ dára, kò sí ẹni tó ní kò dára. Àmọ́ bí ìrìn bá parí tí kò sí ẹni tó lè sọ pé owó báyìí wọlé, ibi báyìí ló lọ, pàtì lásán ni.

Kí nìdí tó fi yẹ kí owó Bobiel lọ sínú ìwádìí, tí kò fi yẹ kí gbogbo rẹ̀ lọ sí egbòogi? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kàwé dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di àgbà onímọ̀ ní Chicago, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé, ń tọpasẹ̀ jẹjẹrẹ ọyàn láàárín àwọn obìnrin wa láti 1998. Ní 2009, wọ́n gbé àbájáde àyẹ̀wò kókó tí wọ́n gbà lára obìnrin 507 ní Nàìjíríà àti Senegal jáde. Bí a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, kò tó 45. Kókó ara púpọ̀ nínú wọn kò ní àmì mẹ́ta tí àwọn oògùn tó gbajúmọ̀ máa ń dọdẹ. Tamoxifen, egbòogi tó ti gba ọ̀pọ̀ obìnrin là ní Yúróòpù, kò rí nǹkan dì mú lára irú kókó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó wádìí ara tiwa, owó ni a ó kàn máa fi ra kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ ní 2019 pé nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ń lò fún ìwádìí àbùdá ara tó ń fa àrùn, ìran Áfíríkà kò ju bíi 2 nínú 100 lọ.

Wọ́n ti ṣe irú ìwádìí tó pẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà rí, ó sì yẹ kí asáré màrátọ́ọ̀nù mọ̀ nípa rẹ̀. Ní 1986, ní Gambia, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ìgbà ìkókó lè dènà jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lọ́jọ́ àgbà. Ọmọ bíi 124,000 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ta ló lè yára rí èsì irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ọmọ náà gbọ́dọ̀ dàgbà, kó gbéyàwó, kó bímọ, kí irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, kí ẹnì kan sì ṣì wà tó ń ka ìwé orúkọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kò jìnnà sí Niamey rárá. Láàárín àwọn ọkùnrin Nìjẹ̀r, ó wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù, ohun méjì sì ló sábà máa ń fà á: kòkòrò hepatitis B, àti májèlé inú ẹ̀pà àti àgbàdo tó bá bu nígbà tí wọn kò sá a gbẹ dáadáa. Ẹ̀pà! Ohun tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọbẹ̀, tí wọ́n ń dín ní kúlíkúlí. Mélòó ló bu nínú èyí tó wà lọ́jà ní àsìkò òjò? Ìwádìí tí owó asáré lè ṣètìlẹ́yìn fún nìyẹn, kò nílò ẹ̀rọ olówó iyebíye.

Ilẹ̀ náà kò sì ṣófo. Láti 1992 ni Niamey ti ní ìwé àkọsílẹ̀ àwọn alárùn jẹjẹrẹ, níbi tí wọ́n ti ń kọ ẹni tó ní in, irú èyí tó ní, àti ọjọ́ orí rẹ̀. Ìbàdàn ti ní tirẹ̀ láti 1960. Iṣẹ́ tí kì í dé orí tẹlifíṣàn ni: akọ̀wé kan, fáìlì, bíróò, máa lọ láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù. Láìsí i, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń pa ará ìlú. Ẹ̀rọ ńkọ́? Ní 2022, nígbà tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì bẹ̀rẹ̀ ètò Rays of Hope láti mú ìtọ́jú onítànṣán dé Áfíríkà, Nìjẹ̀r àti Benin wà lára orílẹ̀-èdè méje àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń jẹ iná. Ní 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, Nàìjíríà gé iná tó ń fi ránṣẹ́ sí Nìjẹ̀r, Niamey sì wọ òkùnkùn léraléra. Ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara tí àwọn oníwàádìí fẹ́ yẹ̀ wò kì í gbọ́ àwáwí òṣèlú. Bí fíríìjì bá gbóná, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ó wá ku ẹsẹ̀. Màrátọ́ọ̀nù jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195, ẹni tí kò sáré rí kò sì gbọdọ̀ fi ìtara nìkan wọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ló gbà, kí gígùn eré máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí yóò fi tó nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà. Ní Niamey, oṣù kọkànlá ló yẹ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ooru ti rọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku ọyẹ́ á fẹ́ dí imú. Ààwẹ̀ Ràmàdánì náà ń bẹ. Ní 2026, oṣù kejì sí ìkẹta ló bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ ará ìlú ló ń gbà á. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n á dín eré kù nínú oṣù yẹn, wọ́n á máa sá a lálẹ́ lẹ́yìn ìṣínu, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ̀sìn àti eré bára jà. Omi ńkọ́? Ẹ mu ún bí òùngbẹ bá ṣe tó. Ní màrátọ́ọ̀nù Boston ti 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ asáré 488 wò, 13 nínú 100 ni iyọ̀ ara wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ, pàápàá àwọn tó ti mu omi àmujù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó rí dókítà kó tó wọ bàtà. Ẹni tí kò bá lè sá 42, kó sá mẹ́wàá. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ lè rìn, bí dókítà rẹ̀ bá gbà.

Ìrìn yẹn gan-an kì í ṣe ìtùnú lásán. Ní oṣù kẹfà 2025, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 889 tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ìfun, púpọ̀ nínú wọn ní Kánádà àti Australia. Wọ́n fún apá kan ní ìwé ìmọ̀ràn nìkan, wọ́n fún apá kejì ní ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà lórí eré ìdárayá fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, 90 nínú 100 ló ṣì wà láàyè lára àwọn tó ń ṣeré, 83 lára àwọn yòókù. Ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tó náwó sí ìwádìí náà ni àjọ jẹjẹrẹ Kánádà, àjọ kan náà tí Terry Fox ń sáré gba owó fún ní 1980.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Bobiel, ẹ má tíì ran ẹ̀wù. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan. Ní ojú ewé kìíní, ẹ kọ iṣẹ́ ìwádìí tí owó náà ń lọ fún, àti orúkọ àwọn méjì tí yóò jọ máa fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé kọ́bọ̀ jáde. Ẹ lẹ ẹ̀dà ìṣirò rẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo àdúgbò á ti rí i, lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá wọ bàtà.