Igbákejì Kì í Ṣe Ẹrú

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù má tìtorí rẹ̀ sá o. Ọ̀rọ̀ nípa ipò, àti ojú tí a fi ń wo ipò, ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Mushin tí ó gbá bọ́ọ̀lù títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó wá kí mi ní Surulere, ó sì sọ pé wọ́n fi iṣẹ́ igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ òun ní ilé-ìwé kan ní Yaba, òun sì ti kọ̀ ọ́. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Bọ̀dá mi, èmi tí mo ti ṣe balógun ikọ̀ rí, ṣé kí n wá máa kó bọ́ọ̀lù kiri lẹ́yìn ẹlòmíràn ni?"

N kò dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo mú un jáde, a rìn dé iwájú Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè, níbẹ̀ ni mo sì ti sọ ìtàn Stephen Keshi fún un.

Azare ni wọ́n bí Keshi sí ní 1962, ṣùgbọ́n Mainland Èkó yìí ni ó ti mọ bọ́ọ̀lù gbá. St. Finbarr's College ní Akoka, lẹ́bàá Yaba, ni ó lọ, ilé-ìwé tí Fada Denis Slattery dá sílẹ̀ ní 1956, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn nínú bọ́ọ̀lù. Láti ibẹ̀ ó gbá fún ACB ní Èkó àti New Nigeria Bank ní Benin. Ní 1985 ó kọjá sí Abidjan, ní 1986 sí Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní 1987 sí Anderlecht. Ọ̀nà tí ó là yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tọ̀ dé Yúróòpù. Òun ni balógun Super Eagles, "Big Boss" sì ni wọ́n ń pè é.

Síbẹ̀, nígbà tí Nàìjíríà na Zambia ní 2 sí 1 ní Tunis, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1994, tí a fi gba Ife Áfríkà, Keshi kò sí lára àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ eré. Nínú Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà ní ọdún yẹn kan náà, eré kan ṣoṣo ni ó gbá, èyí tí a bá Gíríìsì gbá. Balógun ni, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá ni ó ti wo púpọ̀ nínú ogun náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2001, Nàìjíríà ń ta gọ́gọ́ nínú ìdíje àtilọ sí Ife Àgbáyé ti 2002. Wọ́n lé Jo Bonfrere, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún Shaibu Amodu. Keshi àti Joe Erico, ẹni tí ó ti ṣe aṣọ́lé rí, ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn. Amodu kò gbá bọ́ọ̀lù dé ibi tí Keshi gbá a dé, síbẹ̀ Keshi gbà láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n na Ghana ní 3 sí òdo ní Port Harcourt, a sì yege. Ní Mali ní 2002, ipò kẹta ni wọ́n gbà nínú Ife Áfríkà. Kí ni èrè wọn? A lé ọ̀gá, a lé igbákejì mọ́ ọn, a sì gbé ikọ̀ náà fún Adégbóyè Onígbindé.

Ẹ wo ohun tí Keshi rí kó lọ. Ó gba ikọ̀ Togo ní 2004, ó sì mú wọn yege fún Ife Àgbáyé ti 2006 ní Jámánì, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi Otto Pfister rọ́pò rẹ̀. Kò tìtorí ìyẹn jáwọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì 2013, ní Johannesburg, Sunday Mba gbá bọ́ọ̀lù sí àwọ̀n Burkina Faso, Keshi sì di ẹnì kejì, lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì, tí ó gba Ife Áfríkà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ta ni igbákejì rẹ̀? Daniel Amokachi, tí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ ti 1994.

Ẹnìkan lè sọ pé kì í ṣe gbogbo igbákejì ní í di ọ̀gá. Òótọ́ ni. A kì í sábà dárúkọ Erico nígbà tí a bá ń ròyìn 2001. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá kò ka igbákejì sí ẹrú rí. Ọ̀tún Balógun, oyè gidi ni. Ní Ìbàdàn, ẹni tí yóò jẹ Balógun gbọ́dọ̀ ti ipò Ọ̀tún Balógun kọjá. Bí mo bá sì gbọ́ "igbákejì", igbá tí a là sí méjì ni ọkàn mi ń lọ sí: ìlàjì kan kò lè dé ara rẹ̀ lórí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn "igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá" ju "olùrànlọ́wọ́" lọ. Olùrànlọ́wọ́ lè ranni lọ́wọ́ kí ó sì máa lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá bá ọ̀gá, ó bá igbákejì. Bí a bá ń lé wọn pọ̀ nígbà ìbínú, ó yẹ kí a máa yìn wọ́n pọ̀, kí a sì máa san owó tó nílàárí fún wọn.

Ní oṣù kẹfà 2016, Keshi kú ní ìlú Benin. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Amodu náà fi kú ní ìlú kan náà. Ọ̀gá àti igbákejì jọ lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí dé òpin. Kò sọ pé òun yóò gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọ ọkọ̀ Mushin, ó bi mí pé, "Bọ̀dá mi, ṣé wọn ò tíì wá ẹlòmíràn báyìí?"

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ire o.