Bélúbélú Ọmọ Kì í Ṣe Àrùn

Ẹ̀yin ará wa ní Ìbìní, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tajà ní Ọjà Ọba, ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo mú wá.

Bí ọmọ bá ń húkọ́, àwọn kan a ní bélúbélú rẹ̀ ni ó gùn jù, kí olóòlà gé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹran kékeré tí ó rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀fun yìí ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá ń gbé oúnjẹ mì, òun àti ìparí àjà ẹnu a gbéra láti dí ọ̀nà imú, kí oúnjẹ má bàa gba ibẹ̀ jáde. Ó ń sun itọ́ tí ń mú ọ̀fun tutù, ó sì ń bá wa tún ohùn ṣe.

Ọ̀bẹ olóòlà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ dà títí yóò fi kú, tàbí kí ó kó àrùn ipá tí ń mú àgbọ̀n le. Ikọ́ náà yóò sì wà níbẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. UBTH ti wà láàárín wa láti 1973. Gbèsè owó ọkọ̀ sàn ju òkú ọmọ lọ.