Ìbejì Inú Bàálù Kékeré

Àwọn kan ń wí pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ. Mo ní irọ́ ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a fi bàálù kékeré oníẹ̀rọ iná méjì, èyí tí à ń fi rédíò darí, dán an wò.

Ìbejì ni ẹ̀rọ méjèèjì: ohun tí a bá rà fún Táíwò ni a ó rà fún Kẹ́hìndé. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ oníwáyà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ ní aṣàkóso eré tirẹ̀. Abọ́ kan náà, ìyẹn bátìrì, ni aṣàkóso méjèèjì yóò ti jẹun: pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Bí a bá sín wọn tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀, fóltéèjì yóò pín, ìkankan kò sì ní yó. Bí ẹ̀rọ kan bá ń yí sódì, ẹ pààrọ̀ ipò méjì nínú wáyà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èwo ni kò yé ọmọ Èjìgbò níbẹ̀? Ọmọ tí ó ti Abidjan dé gbọ́ Faransé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni ó pa wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ láti 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò gbẹ́yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà èdè abínibí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, òun náà ni ó fagi lé ní 2025. Ta ni a ń tàn jẹ?