Epo inú ìgò kọ́ ni yóò tún ẹyin obìnrin ṣe



Àwọn tó ń ta òróró inú ìgò ti dé Gòrò náà. Wọ́n ní kí obìnrin tó ń wá ọmọ máa mu ún, pé ó ń tún ẹyin inú rẹ̀ ṣe. A ò gbà.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Inú omi kan ni ẹyin obìnrin ti ń gbó, ọ̀rá sì wà nínú omi náà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dán an wò lára ẹyin màlúù, ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní palmitic ṣe ẹyin ní jàǹbá, oleic sì dín jàǹbá náà kù. Màlúù o! Méjèèjì ló pọ̀ nínú epo pupa; oleic pọ̀ nínú òrí táwọn ìyá wa ń ṣe. Kí la wá ń ra ìgò sí? Ọjọ́ orí kò sì ṣeé fi òróró dá padà: gbogbo ẹyin obìnrin ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Lọ́dún 1989, ní LUTH l'Ékòó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ashiru ran ìyá kan lọ́wọ́ láti bí ọmọ tí ẹyin àti àtọ̀ pàdé níta ara. Nínú irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń yẹ àtọ̀ ọkọ náà wò. Kí ló dé tó jẹ́ obìnrin nìkan là ń fún ní òróró mu, tí a tún ń fi ìyàwó kejì halẹ̀ mọ́ ọn? Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ wa, ẹ fi owó ìgò yẹn ṣe àyẹ̀wò tiyín ní Pàràkú kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní àgàn.