Bátìrì ọkọ̀ ìṣeré: ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó

Kò sí ìyá kan ní ọjà Ìdáàṣà tó máa ra ẹ̀wà kó má wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Bí tòǹgòlò ẹlẹ́wà bá ti tẹ̀ nídìí, ariwo á sọ. Bí ẹlẹ́wà bá sì wọ̀n ọ́n tán tí kò fi èènì sí i, ẹ̀wà á padà sínú àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kan náà á dé ìdí àtẹ tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìṣeré, á bèèrè bátìrì fún ọkọ̀ rìmóòtì ọmọ rẹ̀, á wo nọ́ńbà gàgàrà tí wọ́n kọ sí i lára, á sì sanwó láìjanpata. Ohun tó ń bí wa nínú nìyẹn, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, irọ́ ni nọ́ńbà yẹn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé là ń sọ. Ní ìlú òkè 41 yìí, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, orí àpáta ni àwọn ọmọ máa ń gbé ọkọ̀ wọn lọ. Àwọn mìíràn ní èyí tí ẹ̀gbọ́n wọn fi ránṣẹ́ láti Kutọnu tàbí láti òkè òkun, tó ń sáré bí ẹni pé ẹnìkan ń lé e. Ọkọ̀ náà kì í tètè bàjẹ́. Bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ kú, ìgbà tí wọ́n bá sì ń wá òmíràn kiri ni wọ́n ń kó sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn. Irú bátìrì kan náà ló wà nínú tọ́ọ̀ṣì àti àtùpà olóòrùn tí à ń tàn nílé.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ pẹ̀lú mAh ló ń sọ bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó, bí ìgbà tí a bá ní ìkòkò yìí gba garawa omi mẹ́ta. Ẹ mú bátìrì lithium roboto tí wọ́n ń pè ní 18650, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 65. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó mọ iṣẹ́ yìí ń ṣe é láti 2500 mAh dé 3500 tàbí kó lé díẹ̀. Síbẹ̀, 9900 ni wọ́n ń kọ sí èyí tí wọ́n ń tà fún wa. Ibo ni wọ́n rí ìyókù? Àwa náà ti ra irú rẹ̀ rí. Nígbà tí a gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré, kò tó ìdajì ohun tó yẹ kó wọ̀n. Ojúlówó 18650 máa ń wọ̀n tó gíráàmù 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti tú àwọn ayédèrú kan wò, bátìrì kóńkóló ni wọ́n bá nínú agolo ńlá, ìyẹ̀fun ni wọ́n fi dí ìyókù. Ní 2019, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí bátìrì lithium. A ò tíì gbọ́ pé wọ́n fún oníyẹ̀fun ní tirẹ̀.

Èwo wá ni ká rà? Bó bá jẹ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ fún ọmọ kékeré, NiMH ni ìmọ̀ràn wa. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 1.2 volt, mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ sì ń di 7.2. Ó wúwo, kò sì yára tó èkejì, àmọ́ ó ń gba ìyà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ gun òkè wa bí ewúrẹ́ ló máa wá LiPo, nítorí pé òkè gígùn ń fa iná gan-an, LiPo sì lè tu iná púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo nọ́ńbà tó ní C lẹ́yìn: 2000 mAh tó jẹ́ 20C yẹ kó lè gbé 40 amp. Àwọn kan ń purọ́ lórí C náà o.

LiPo kì í ṣe ohun à ń fi tàfàlà. Bí ẹyọ rẹ̀ kan bá ti lọ sílẹ̀ ju 3 volt lọ, ó ti ń bàjẹ́. Bó bá kọjá 4.2 nígbà tí à ń ṣáájì rẹ̀, ó lè gbiná. Nítorí náà, ṣájà tirẹ̀ tó ń wo ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìkan ni kí ẹ fi ṣáájì rẹ̀. Ẹ má lo ti NiMH, ẹ má sì ṣáájì rẹ̀ mọ́jú nígbà tí ẹ ń sùn. Inú ìkòkò amọ̀, jìnnà sí ẹní àti aṣọ, dára fún un. Èyí tó bá ti wú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un, ẹ má gún un. Ooru oṣù kejì sí oṣù kẹrin níhìn-ín kò sì ṣe é lóore. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sórí àpáta tàbí lábẹ́ páànù, ẹ ń fọwọ́ ara yín pa á ni.

Àwọn oníṣòwò máa ń sọ pé bí ọjà ṣe dé láti Kutọnu nìyẹn, pé àwọn kọ́ ló kọ nọ́ńbà sí i. Òótọ́ ni, a ò sì ní ba ọ̀nà ìjẹ wọn jẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń ta gààrí náà kọ́ ló gbin ẹ̀gẹ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbà kó fi yanrìn sí i. Ohun tí à ń bèèrè kò pọ̀: kí òṣùwọ̀n kékeré wà lórí àtẹ, kí oníbàárà sì lè gbé bátìrì sí i kó tó sanwó. Kí ANM, àjọ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tó ń rí sí òṣùwọ̀n àti dídára ọjà, ya ìdí àtẹ wọ̀nyí wò. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n ṣe é ṣáájú oṣù kẹjọ, nígbà tí èrò máa ń ya wá sí ihò Arigbo fún ìrìn àjò mímọ́, tí tọ́ọ̀ṣì àti nǹkan ìṣeré sì ń tà wàràwàrà. Kí ìlú náà sì gbé àpótí kan sí ọjà fún àwọn bátìrì tó ti kú, torí orí ààtàn la ṣì ń dà wọ́n sí, ibẹ̀ náà la sì ń dáná sun ìdọ̀tí sí.