Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí A Rà Lọ́jà

Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ, ẹ dúró sí ojú ọ̀nà ilé ìwé èyíkéyìí ní Ọ̀fà yìí láàárọ̀, kí ẹ máa wo ohun tí àwọn ọmọ gbé lọ́wọ́. Ọ̀kan gbé ìgbálẹ̀, èkejì gbé abẹ̀bẹ̀, ẹ̀kẹta gbé ẹní ìnusẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni iṣẹ́ ọwọ́. Díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ tó gbé e kàn. Ìyá rẹ̀ ló rà á ní ọjà Owódé ní ìrọ̀lẹ́ àná. Olùkọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ pé olùkọ́ mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n á kọ orúkọ ọmọ sí i lára, wọ́n á fún un ní máàkì, ìgbálẹ̀ á sì bá ẹnì kan lọ sílé. (Mi ò ní sọ ẹni tó ń gbé e lọ.)

Èmi wà ní SS2 báyìí, mo sì ti gba inú gbogbo rẹ̀ kọjá. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ tí a rà lọ́jà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, irọ́ ni. Ilé ìwé tó bá sì gbà á ti lu òǹtẹ̀ sí irọ́ náà. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò ní ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀, pé ìgbálẹ̀ lásán ni. Nítorí náà, n kò ní fi ìgbálẹ̀ jà. Táàgì ni n ó fi jà.

Táàgì ni páálí pẹlẹbẹ kékeré tí a dá ihò sí lórí, tí a ki òwú bọ̀, tí a so mọ́ ẹ̀bùn, àpò tàbí aṣọ títà, kí ẹni tó bá rí i lè mọ ẹni tó ni ín. Ní sáà tó kọjá, wọ́n ní kí kíláàsì àbúrò mi obìnrin, tó wà ní JSS2, ṣe táàgì mẹ́wàá wá fún iṣẹ́ CCA, ìyẹn ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ní kí kálukú gbẹ́ òǹtẹ̀ tirẹ̀, kó fi lu àwòrán sára páálí. Àbúrò mi gé ànàmọ́, ó gbẹ́ ewé kan sí ojú rẹ̀, ó rẹ́ páálí ọṣẹ, ó lù ú. Méje dára. Àwọ̀ ràn lára mẹ́ta. Ó gba 9 nínú 20. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé kò mọ́ tónítóní.

Ọmọ tó jókòó tì í gba 17. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti tẹ tirẹ̀ jáde, pẹ̀lú òdòdó pupa rẹ́rẹ́ àti ìkíni ọjọ́ ìbí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó rẹwà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí òǹtẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe gan-an ni kò sí lára iṣẹ́ tó gba 17. Láti ọjọ́ yẹn, àbúrò mi kò béèrè lọ́wọ́ mi mọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ nǹkan. Iye tí wọ́n ń gbà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ló ń béèrè.

Ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé kọ́ ọ nìyẹn. Ó yé e dáadáa.

Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ náà le ju ọmọdé lọ, pé kò sí irinṣẹ́. Kò sí irinṣẹ́ ní Ọ̀fà? Ìlú tí a mọ̀ mọ́ ọ̀dùnkún àti àgbàdo! Ẹ wá ànàmọ́ tó le gbagidi. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé e sí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí bí ojú rẹ̀ bá rí gbágungbàgun, kò ní kan páálí dáadáa. Omi funfun yóò sun jáde. Ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún nù ún, torí omi yìí gan-an ló ń jẹ́ kí àwọ̀ ràn. (Ohun tó ṣe táàgì mẹ́ta àbúrò mi nìyẹn, ìbá sì ti mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un dípò kí wọ́n gé máàkì rẹ̀.) Ẹ fi pẹ́ńsùlù ya ohun tí ẹ fẹ́ sí ojú rẹ̀. Ohun tí ẹ yà ni yóò dúró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó gé kúrò. Ẹ mú fóòmù tó já lára bẹ́ẹ̀dì, ẹ tẹ́ ẹ sínú ìdérí agolo, ẹ da àwọ̀ sí i kó mu ún. Ẹ má ri òǹtẹ̀ bọ inú àwọ̀. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ fóòmù, kí ẹ kọ́kọ́ lù ú sórí bébà àlòkù, kí ẹ tó wá lù ú sórí páálí. Ẹ má fà á, ẹ má mì í, kí ẹ gbé e sókè tààrà. Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ méjì, èyí tó mọ́lẹ̀ ni kó ṣáájú, kí ó sì gbẹ kí èyí tó ṣókùnkùn tó lé e.

Ànàmọ́ kì í pẹ́. Bó bá di ọ̀túnla, á ti sún kì. Ẹni tó bá fẹ́ òǹtẹ̀ tí yóò bá a dé sáà tó ń bọ̀, kó wá sílípáàsì tó ti já, kó gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ègé pákó tó bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kàfíńtà. Sílípáàsì ló dára jù fún lẹ́tà, lẹ́tà ló sì máa ń dán ọpọlọ wò. Bí o bá gbẹ́ R bó ṣe rí, ẹ̀yìn ni yóò kọ sí nígbà tí o bá lù ú. Nítorí náà, kọ ọ́ sórí bébà fẹ́lẹ́ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù tó dúdú dáadáa, dojú bébà náà dé sílípáàsì, kí o fi èékánná ha ẹ̀yìn bébà. Nígbà tí o bá ṣí i, R ti yí padà, ó ń retí abẹ. Olùkọ́ ìṣirò wa lo odidi ọ̀sẹ̀ kan láti fi dígí ṣàlàyé ohun tí sílípáàsì máa ń ṣàlàyé ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọmọ tó kéré jù láti di abẹ mú náà ní tirẹ̀. Ilá tí a gé níbùú yóò lu ohun tó dà bí ìràwọ̀. Ewé tí iṣan rẹ̀ le yóò lu gbogbo iṣan náà jáde. Kùùkù àgbàdo tí a yí nínú àwọ̀, tí a sì yí lórí páálí, yóò fi ìlà ojúàmì ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ sílẹ̀. Kí a tó so táàgì rọ̀, òwú tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ ahunṣọ dára ju rọ́bà lọ. Èló ni gbogbo rẹ̀? Kò tó owó ìgbálẹ̀ kan.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí kùùkù àgbàdo yẹn. Àwọn onímọ̀ tó ń wa ilẹ̀ ṣèwádìí ohun àtijọ́ ti rí àmì rẹ̀ lára àfọ́kù ìkòkò ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn amọ̀kòkò àtijọ́ ló yí kùùkù lára amọ̀ tútù kí wọ́n tó sun ún. Ẹ ò rí i pé ohun tí à ń pè ní eré ọmọdé ni àwọn ìyá ńlá wa fi ṣe iṣẹ́ wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀fà fúnra rẹ̀, ìlú ahunṣọ àti alaró ni, ẹ̀lú ni wọ́n fi ń pa aṣọ láró. Ní Abẹ́òkúta, àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ gbé páànù tí wọ́n dá àwòrán sí lé aṣọ, wọ́n sì fi lẹ́kọ kun ojú ihò rẹ̀ kí aró má bàa mú ibẹ̀. Ní Ntonso, lẹ́bàá Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà, igbá ni wọ́n gbẹ́ ṣe òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń lu aṣọ adinkra, èèpo igi ni wọ́n sì ń sè títí yóò fi dúdú láti fi ṣe àwọ̀ rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Thomas Bowdich gba ọ̀kan nínú aṣọ náà ní ọdún 1817. Ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní, wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Igbá àti èèpo igi ni o! Bruce Onobrakpeya, tí wọ́n bí ní 1932, gbígbẹ́ nǹkan láti fi tẹ àwòrán wà lára ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀, láti 1998 ló sì ti ń kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sí Agbarha-Otor ní Ìpínlẹ̀ Delta kí wọ́n lè kọ́ ara wọn. Bí ọmọ tí wọ́n fún ní 9 nítorí pé àwọ̀ ràn bá pa abẹ tì, báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tí ìbá dà?

Mo ti gbọ́ èsì àwọn òbí. Wọ́n ní ọmọ ní ìdánwò gidi láti kà fún, pé CCA kì í gbé èèyàn dé yunifásítì. Ẹ gbọ́, pírọ́ọ̀dù méjì ló gbà. Lọ́dún 1982 tí ìjọba mú ètò 6-3-3-4 wọlé, ìdí tí wọ́n fi fi iṣẹ́ ọwọ́ kún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì ni pé kì í ṣe gbogbo wa ni yóò dé yunifásítì, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ náà ní ọwọ́ méjì. Ètò ti yí orúkọ padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò yí padà.

Àwọn òbí kan náà ló ń pariwo nípa màgòmágó nínú ìdánwò. Ọmọ tí a kọ́ láti JSS1 pé kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe, tí ìyá rẹ̀ sanwó iṣẹ́ náà, tí olùkọ́ rẹ̀ sì gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, kí ni yóò jẹ́ ìyàlẹ́nu bó bá dé gbọ̀ngàn WAEC tó sì ń wá ẹni tí yóò bá òun kọ ọ́? Ó ti ṣe é rí. A fún un ní 17 fún un.

Ti àwọn olùkọ́ yàtọ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Olùkọ́ kan tó ní ọmọ ọgọ́rin nínú kíláàsì kan kò lè dúró ti ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, abẹ lọ́wọ́ ọmọ ọgọ́rin sì lè ba èèyàn lẹ́rù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ lè kà abẹ mẹ́wàá jáde, kí ẹ kà mẹ́wàá wọlé, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbẹ́ òǹtẹ̀ kan, kí gbogbo wọn sì fi lu tiwọn. Ohun tí n kò lè gbà ni èyí tí àwọn kan ń ṣe, pé kí ọmọ mú owó wá dípò iṣẹ́ ọwọ́. Bí ilé ìwé bá nílò owó tàbí ìgbálẹ̀, kó kọ lẹ́tà sí òbí pé owó tàbí ìgbálẹ̀ ni òun ń fẹ́. Kó má fi máàkì ọmọ bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Nígbà tó bá tún di àkókò táàgì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kó òǹtẹ̀ tó gbẹ́ wá pẹ̀lú táàgì tó lù, yálà ànàmọ́ tó ti sún kì ni tàbí sílípáàsì, pẹ̀lú bébà àlòkù tó kọ́kọ́ fi dán an wò. Kí ìdajì máàkì wà lórí òǹtẹ̀ àti bébà yẹn. Kí olùkọ́ mú òǹtẹ̀ náà, kó ri í mọ́ àwọ̀, kó lù ú lẹ́ẹ̀kan níwájú kíláàsì, kó wò ó bóyá ó bá ti orí táàgì mu. Ẹni tí kò bá mú òǹtẹ̀ wá, ẹ bi í pé níbo ló wà, kí ẹ tó kọ nǹkan kan sí ìwé rẹ̀.