Ẹni Tó Fowó Ra Fóònù Ló Yẹ Kó Yan Búráúsà

Lọ́dún 2022 nìkan, 20 bílíọ̀nù dọ́là ni Google san fún Apple. Àyè kan péré ló fi owó yìí rà: pé òun ni ẹni tó bá ń wá nǹkan lórí Safari, búráúsà inú iPhone, yóò máa kọ́kọ́ bá pàdé, àfi tí onítọ̀hún bá fọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà. Ẹjọ́ tó wà níwájú Adájọ́ Amit Mehta ní Washington ló tú àṣírí iye owó náà. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹjọ 2024, adájọ́ náà dá Google lẹ́bi pé ó rú òfin kí ó lè máa dá ọjà ìwákiri jẹ.

Oníṣòwò tó gbọ́n kì í da irú owó bẹ́ẹ̀ sómi. Ó mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ra fóònù la ṣe ń lò ó: búráúsà tí wọ́n fi sí i, ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n yàn fún un, ìròyìn tí wọ́n tò síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Microsoft so búráúsà rẹ̀, Internet Explorer, mọ́ Windows láàárín ọdún 1990 sí 1999, Netscape tó ti gbayì ṣáájú rẹ̀ kò rọ́wọ́ mú mọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà pe Microsoft lẹ́jọ́ lọ́dún 1998. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù mú kí ilé-iṣẹ́ náà gbà pé, láti 2010, òun yóò máa to orúkọ búráúsà oríṣiríṣi síwájú ẹni tó ń lo Windows, kí ó mú èyí tó wù ú. Nígbà tí Microsoft kò mú àdéhùn náà ṣẹ fún ohun tó lé lọ́dún kan, wọ́n bu ìtanràn 561 mílíọ̀nù yúrò lé e lórí lọ́dún 2013. Láti oṣù Kẹta 2024, òfin ti mú irú ìbéèrè yìí dé orí fóònù àwọn ará Yúróòpù.

A mọ̀ pé owó tí Google ń san yìí ń ṣe àwọn kan lóore. Mozilla tó ni Firefox, ọ̀dọ̀ Google ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ti ń wá. Bóyá nítorí irú èyí ni Adájọ́ Mehta kò ṣe fòfin de owó náà nínú ìdájọ́ rẹ̀ ti oṣù Kẹsàn-án 2025. Àdéhùn tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù ló kọ̀. A fara mọ́ ọn. Kí wọ́n sanwó, ṣùgbọ́n kí wọ́n bi ẹni tó ni fóònù.

Ta ló ń bi wá ní Nàìjíríà? Ẹni tó ra fóònù ní Computer Village, n'Íkẹjà, ohun tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀ ló ń gbé lọ sílé. Ìròyìn àhesọ àti ìpolówó tí kò béèrè fún á sì máa jẹ dátà tó fowó rà.

Ìdájọ́ wa ni pé kí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, tó sì bu 220 mílíọ̀nù dọ́là ìtanràn lé Meta lóṣù Keje 2024, pàṣẹ pé kí gbogbo fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà nílẹ̀ yìí kọ́kọ́ bi olówó rẹ̀ léèrè búráúsà tó fẹ́.

Kí àṣẹ náà tó dé, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ wọ Settings, kí ẹ yan búráúsà tí ẹ fẹ́. Inú Play Store tàbí App Store ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì máa ṣe àtúnṣe rẹ̀ bó bá ti ń jáde. Opera Mini ń dín dátà kù, nítorí ó máa ń fún ojú ewé pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ó dára fún ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ojú ewé ń gbà kọjá, búráúsà mìíràn ni kí ẹ fi wọ báńkì. Ní ti ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀, ẹ pa ìròyìn tí ẹ kò béèrè, kí ẹ fi BBC News Yorùbá tàbí Wikipedia èdè Yorùbá síbẹ̀. Ohun tí Google ń fi bílíọ̀nù dọ́là rà, ẹ má ṣe fi í tọrẹ.